Nọ́ńbà Tí Rọ̀kíbátù Ń Wá

Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kejì, ọdún 2003.

Rọ̀kíbátù ọmọ mi,

Àsàlámù aléékùm. Ara gbogbo wa le nílé, àfi ẹ̀yìn mi tó ń rán mi létí pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ sórí pákó. A kí ọ kú ọdún Iléyá tó kọjá. A jẹ ẹran tìrẹ mọ́ tiwa. Ẹ̀gbọ́n rẹ Mùlíkátù ní o sọ pé yìnyín bo ojú fèrèsé rẹ. Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ ọ nínú òtútù yẹn.

O mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn kí n máa sọ ọ̀rọ̀ pàtàkì lórí fóònù. Ká tó kí ara wa tán, káàdì á ti tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ti ṣọ́ọ̀bù lónìí, tí kò sẹ́ni tí mo kan ọkọ̀ ojú omi fún, tí mo jókòó mú gègé.

Ohun tí mo gbọ́ rèé. Mùlíkátù ní òun bi ọ́ pé iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe ní yunifásítì, o sì ní, "Nọ́ńbà ni mò ń wá." O ní àìmọye kọ̀ǹpútà ló ń bá ọ wá a, pé wọn kì í sùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò ro ibi sí i. Ó lọ sọ ọ́ níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìkòròdú, létí ìyá Salman àfẹ́sọ́nà rẹ, pé àbúrò òun ń wá nọ́ńbà ní Ṣẹ́fíìdì. Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n ń pè ní nọ́ńbà níbí. Láti Gáréèjì Ìkòròdú títí dé àdúgbò wọn, kò sí kọ̀rọ̀ tí àtíbàbà oní-lọ́tò kò sí, tí àwọn géńdé ń bi ara wọn láti àárọ̀ pé èwo ló máa já lónìí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Àlájì Ajíbóyè bàbá Salman ti ránṣẹ́ sí mi. Ó ní, "Mùsílíù, a gbọ́ pé tẹ́tẹ́ lọmọ yín lọ ń ta lókè òkun. Ilé wa kò gba tẹ́tẹ́. Ẹ wádìí ẹ̀ kí ẹ tó tún bá wa sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Salman."

Ojú tì mí, Rọ̀kíbátù. Kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́. Ohun tó tì mí lójú ni pé mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀. Ìgbà tí ò ń lọ, o ní ìṣirò lo fẹ́ kọ́ dójú àmì. Àwọn èèyàn ń bi mí pé ta ló ń kọ́ ìṣirò títí ó fi di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, màá kàn rẹ́rìn-ín ni. Nísinsìnyí, ẹ̀rín ò tó mọ́. Bó bá jẹ́ tẹ́tẹ́ ni, fi í sílẹ̀, kí o sì tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Bí kì í bá ṣe tẹ́tẹ́, ṣàlàyé ẹ̀ fún mi bí èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà ṣe lè gbé e dé iwájú ẹlòmíràn.

Bí o bá rí ẹni tó ń bọ̀, fi dígí ìkàwé ránṣẹ́ sí mi. Èyí tí mo ní, apá kan ẹ̀ ti já, okùn ni mo fi so ó mọ́ etí.

Èmi bàbá rẹ tó ń retí èsì,
Mùsílíù.


Ṣẹ́fíìdì,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹta, ọdún 2003.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ẹ̀yìn dídùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé pákó nìkan mọ́.

Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú mi. Bàbá mi, kì í ṣe tẹ́tẹ́. Mi ò ta tẹ́tẹ́ rí, mi ò sì ní í ta á láéláé.

Ẹ ka ìṣó méjìlá sórí tábìlì iṣẹ́ yín. Ẹ lè tò wọ́n ní ìlà mẹ́ta, mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ lè tò wọ́n ní ìlà méjì, mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ wá fi ẹyọ kan kún un, kó di mẹ́tàlá. Ẹ máa tò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní í dọ́gba, àfi bí ẹ bá to gbogbo ẹ̀ sí ìlà kan ṣoṣo. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ la ń pè ní èyí tí kò ṣeé pín. Lára wọn ni èjì, ẹ̀ta, àrún, èje, mọ́kànlá, mẹ́tàlá, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Nísàlẹ̀, wọ́n pọ̀. Bí a bá ṣe ń lọ sókè, wọ́n ń jìnnà síra wọn, bí ilé ṣe máa ń jìnnà síra wọn bí èèyàn bá ń jáde kúrò nílùú wọ inú igbó lọ.

Ṣùgbọ́n wọn kì í tán. Àwọn àgbà onímọ̀ ti rí i láti ayé àtijọ́. Ká ní ẹnì kan sọ pé òun ti kó gbogbo wọn jọ. Ẹ ní kó fi gbogbo ẹ̀ sọ ara wọn di púpọ̀, kó wá fi ẹyọ kan lé e. Èyíkéyìí tó bá fi pín in nínú àwọn tó kó jọ, ẹyọ kan ṣáá ló máa ṣẹ́ kù. Ó túmọ̀ sí pé ó ṣì ku èyí tí kò tíì kó. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́ mi ní èyí ní kíláàsì, mi ò lè jẹun ọ̀sán. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo fẹ́ sáré wálé wá sọ fún yín.

Èyí tí èmi ń wá tóbi gan-an. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀, á gba bí ogún ojú ìwé, kìkì nọ́ńbà ni láti òkè délẹ̀. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé kò ṣeé pín láìjẹ́ pé a pín in wò? Ọ̀nà kan wà. A ó mú nọ́ńbà kékeré kan, a ó máa fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ léraléra. Ìgbàkígbà tó bá ti ju ńlá yẹn lọ, a ó fi ńlá náà pín in, a ó mú kìkì ohun tó ṣẹ́ kù, a ó sì máa bá a lọ. Bí èyí tó ṣẹ́ kù ní ìgbẹ̀yìn bá fi ẹyọ kan péré dín sí ńlá náà, ó yọrí nìyẹn: kò ṣeé pín. Kọ̀ǹpútà ló ń bá mi ṣe é, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lò wọ́n bá ti lọ sílé. Mi ò tíì rí ọ̀kan.

Wọ́n lè bi yín pé kí ni wọ́n ń fi ṣe. Àwọn tó kéré sí tèmi gan-an ni àwọn báńkì fi ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí nínú kọ̀ǹpútà. Tèmi kò tíì ní iṣẹ́ kankan tí wọ́n ń fi í ṣe. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà ni.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Inú bí mi, Bàbá mi. Mo ti kọ̀wé sí Salman. Mo ní bí àwọn èèyàn rẹ̀ bá gbà pé ọ̀tatẹ́tẹ́ ni mí, kó máa lọ ní àlàáfíà. Mo ti fi í ránṣẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí. Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ bi yín.

Mo ti rí ẹni tó máa mú dígí wá.

Ọmọ yín,
Rọ̀kíbátù.


Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún, ọdún 2003.

Rọ̀kíbátù,

Àláfíà fún ọ, ọmọ mi. Dígí dé. Mo rí ojú ara mi nínú díńgí, mo rí i pé mo ti dàgbà ju bí mo ṣe rò lọ. O ṣeun. Ọlọ́hun á máa fún ọ ṣe.

Mo to ìṣó náà. Mo kọ́kọ́ rò pé ò ń fi mí ṣeré, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí mẹ́tàdínlógún, tí mo tún dé orí mọ́kàndínlógún, mo jókòó. Mo ti ń ka ìṣó láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ọmọṣẹ́, mi ò mọ̀ pé ó ní èyí tó ń ṣorí kunkun nínú wọn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìkòròdú. Èmi àti Mùlíkátù la jọ lọ bá Àlájì Ajíbóyè nínú ẹ́sítéètì wọn. Salman kò lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, ó wà nílé. Àlájà ìyá rẹ̀ gbé máńgòrò kalẹ̀ fún wa. Lẹ́yìn tí a kíra tán, mo ka méje nínú ẹ̀ sí orí tábìlì.

Mo ní, "Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pín èyí dọ́gba."

Ó ní, "Fún èèyàn mélòó?"

"Iye tó bá wù yín."

Ó pín in ní méjì méjì, ẹyọ kan kù. Ó tún un kó jọ, ó pín in ní mẹ́ta mẹ́ta, ẹyọ kan kù. Ó wò mí. Ó ní, "Bí mo bá gé èyí tó kù yìí ńkọ́?"

"Àlájì, a kì í gé e."

Àlájà ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí èèyàn méje jókòó, kí wọ́n mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó parí. Mo ní, "Àlájà, ẹ ti gbà á. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kó jẹ́ ẹnì kan ló máa kó gbogbo ẹ̀." Mo wá sọ fún wọn pé irú èyí ni ọmọ mi ń wá, pé èyí tó ń wá tóbi ju kí ẹnu lè kà á lọ, pé kò sí ẹni tó ń dá nǹkan lé e. Àlájì bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ bó bá ti tóbi tó bẹ́ẹ̀. Mo gbìyànjú láti sọ bí o ṣe sọ ọ́, ó dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Mo ní, "Ibi tí ìmọ̀ mi dúró sí nìyẹn. Nítorí ibẹ̀ ló ṣe wà ní yunifásítì."

Ìgbà náà ni Salman la ẹnu. Ó ní, "Dádì, òótọ́ ni. Ní báńkì wa náà, a ń lo irú ẹ̀."

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i. "O mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Kí ló wá dé tí o ń wò mí nígbà tí mo ń ránṣẹ́ sí bàbá ọmọ ọlọ́mọ?"

Àlájì dìde, ó dì mọ́ mi, ó ní kí n dárí ji òun. Mo ti dárí jì í. Nígbà tí Salman sìn wá dé ìta, ó bi mí ní ohùn kékeré pé, "Bàbá, ṣé inú ń bí i gan-an?" Mo ní kó bi ọ́.

Ìbáwí mi rèé: o yára já okùn. Ìbínú rẹ ní ìdí, ṣùgbọ́n ó yẹ kí o dúró gbọ́ tẹnu rẹ̀. Kọ̀wé sí i, bó o bá rí i pé ó tọ́.

Bàbá rẹ,
Mùsílíù.


Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹjọ, ọdún 2003.

Ọmọ mi,

Àsàlámù aléékùm. Òjò ń pa wá, ọ̀sà ti kún dé ìdí ṣọ́ọ̀bù. Mi ò gbúròó rẹ. Mùlíkátù ń pe fóònù rẹ, ó ń dún, o kò gbé e. Ṣé ìbáwí mi ló bí ọ nínú? Bó bá jẹ́ òun ni, mo mú un kúrò. Bó bá sì jẹ́ àìsàn ni, má fi pa mọ́ fún mi. Ìlà kan péré tó mi.

Mùsílíù.


Ṣẹ́fíìdì,
Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹjọ, ọdún 2003.

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi obìnrin, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀bẹ̀ mi ṣe tó. Ara mi le. Ìbáwí yín kò bí mi nínú. Mo ti ka lẹ́tà máńgòrò yẹn títí ojú àpá tí mo ká a sí fi fẹ́ ya. Kò sí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ fún mi rí, kí ó wọ mọ́tò lọ dúró níwájú àwọn èèyàn nítorí nọ́ńbà mi. Ẹ ṣeun, Bàbá mi.

Mi ò gbé fóònù nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ ohùn yín, ẹkún ni màá sun. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Níparí oṣù Karùn-ún, mo fún ọ̀kan nínú àwọn kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kìkì láti dán an wò. Ó fún mi ní èsì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo tún un ṣe, ó tún fún mi ní òmíràn. Ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí nínú rẹ̀ ti bàjẹ́, ó ń gbàgbé ohun tí wọ́n fún un. Òun ló yára jù nínú wọn. Ó ti bá mi ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, gbogbo èyí tó yẹ̀ wò, ó ní wọ́n ṣeé pín. Mi ò wá mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ẹ̀ mọ́.

Kò sí ẹni tó mọ̀. Ọ̀gá mi kò sí nílé, àwọn tó máa yẹ ìwé mi wò kò ní bi mí. Gbogbo ohun tí mo ní láti kọ sílẹ̀ ni pé mo ti yẹ gbogbo wọn wò, mi ò rí nǹkan kan. Mo fẹ́ dákẹ́. Mo tilẹ̀ dákẹ́, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọkọ̀ Mojúbàolú ará Ìjẹ̀dẹ́ ni kò jẹ́ kí n sùn. Ṣé ẹ rántí? Mo wà ní pámárì nígbà náà. Ẹ ti kun ọkọ̀ náà tán, òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ti wá gbé e. Ẹ wá fi ọwọ́ kan pákó kan nísàlẹ̀, ẹ ní, "Ọkọ̀ yìí kò ní í kúrò níbí lónìí." Ó pariwo, ó bú yín, ó ní òun kò rí nǹkan kan lára ẹ̀. Ẹ mú ìfàṣó, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Nígbà tí ọ̀gá mi dé, mo sọ fún un. Ó ní, "A ó tún gbogbo ẹ̀ yẹ̀ wò." Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní í parí lọ́dún yìí bí mo ṣe ṣèlérí. Ẹ bá mi fi ara dà á.

Salman ti kọ̀wé sí mi, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mi ò tíì fèsì. Kò bí mi nínú mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òótọ́ tó sì dákẹ́, mi ò mọ bí màá ṣe fara tì í.

Ọmọ yín tí kò tíì parí iṣẹ́,
Rọ̀kíbátù.


Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2003.

Rọ̀kíbátù ọmọ mi,

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun tó jẹ́ kí n rí ìwé ọwọ́ rẹ. Mo kà á fún Mùlíkátù, ó ní kí n tún un kà. Kí iṣẹ́ pẹ́ kò burú. Ẹni tó bá bi mí pé ìgbà wo lo máa parí, màá ní ìgbà tó bá parí ni. O kò jẹ mí ní gbèsè ọdún kankan.

Mi ò mọ̀ pé o ń wò mí lọ́jọ́ Mojúbàolú yẹn. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí, kí n má parọ́ fún ọ. Ó ga jù mí lọ.

Salman wá sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, òun nìkan. Ó jókòó sórí pákó nínú ṣọ́ọ̀bù, aṣọ funfun ló wọ̀, kò tilẹ̀ wo ibi tó jókòó sí. Ó ní, "Bàbá, ojú bàbá mi ni mò ń wò. Láti kékeré, mi ò já a ní koro rí. Ẹ̀rù ló bà mí, kì í ṣe pé mi ò mọ ẹni tí Rọ̀kíbátù jẹ́." Ó ní òun ti sọ fún bàbá òun pé bí o bá kọ òun, òun ló jẹ̀bi, kì í ṣe ìwọ. Ó ní òun sọ ọ́ lójú gbogbo ilé.

Mi ò bẹ̀ ọ́ nítorí rẹ̀. Mo kàn ń sọ ohun tí mo rí fún ọ ni. Ẹ̀rù ti ba èmi náà rí.

Bàbá rẹ,
Mùsílíù.


Ṣẹ́fíìdì,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kọkànlá, ọdún 2003.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á síwájú.

Mo rí i.

Nínú àwọn tí kọ̀ǹpútà tó bàjẹ́ yẹn ti jù nù ló wà. Ó ti kọjá lọ́wọ́ mi láti ọdún tó kọjá, ó ní ó ṣeé pín, èmi náà sì gbà á gbọ́. Bí mo bá dákẹ́ ni, kò sí ẹni tó máa padà síbẹ̀. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí ààwẹ̀ parí, mo ń fi omi ṣínu nígbà tí mo rí èsì náà lójú ẹ̀rọ: ohun tó ṣẹ́ kù fi ẹyọ kan dín. Mi ò pariwo. Mo tún un ṣe lórí ẹ̀rọ mìíràn, ohun kan náà ló sọ. Ọ̀gá mi fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní ìlú mìíràn pé kó fi ọ̀nà tirẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Òun náà dáhùn lánàá. Òótọ́ ni. Ọ̀gá mi dì mọ́ mi, ó sì gbàgbé tíì rẹ̀ sórí tábìlì mi títí ó fi tutù.

Bàbá mi, bí a bá kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, àmì inú rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta lọ, kò sì sí nǹkan kan lábẹ́ ọ̀run tó lè pín in dọ́gba, àfi ẹyọ kan àti òun fúnra rẹ̀. Kì í ṣe òun ló tóbi jù láyé, àwọn tó jù ú lọ wà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣáájú wa. Ibì kan wà tí wọ́n ń kọ irú rẹ̀ sí pẹ̀lú orúkọ ẹni tó rí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: R. Mùsílíù.

Ẹ ṣeun tí ẹ kò ní kí n jókòó sílé nígbà tí ìyá wa ṣíwájú, tí gbogbo ẹbí ń sọ pé obìnrin tó mọ ìwé kíkà ti tó. Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí léèrè kí ẹ tó dá mi lẹ́bi. Mi ò mọ bí màá ṣe dúpẹ́ tó.

Mo ti kọ̀wé sí Salman. Mo fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí i láti inú kọ̀ǹpútà, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ibi iṣẹ́, kó gbé e wá fún yín.

Ọmọ yín,
Rọ̀kíbátù.


Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ ogún, oṣù Kejìlá, ọdún 2003.

Rọ̀kíbátù mi,

Alihamudulilahi. Mo sọ ọ́ nígbà tí mo ka lẹ́tà rẹ, mo sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, mo tún ń sọ ọ́.

Salman gbé ìwé náà dé, bàbá àti ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Àlájì wọ dígí rẹ̀, ó ní òun máa kà á sókè kí gbogbo wa gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀: èjì, òdo, ẹ̀sán, èje… Ó ka ojú ìwé kìíní, ó mu omi. Ó wọ ojú ìwé kejì. Mùlíkátù ti se ẹja tó rà ní Ọjà Olúwo, ó ń tutù lọ. Àlájà ní, "Bàbá Salman, ẹ jẹ́ ká jẹun." Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ní àárín ojú ìwé kẹta, ó dúró, ó ka iye ewé tó kù, ó wò mí. Ó ní, "Mùsílíù, ọmọ yìí ṣiṣẹ́." Ó fa àwo ẹja mọ́ra.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fi ọwọ́ kan ibi tí Salman kọ orúkọ rẹ sí lókè ewé náà. Mo wò ó pẹ́. Bàbá mi kò mọ ìwé kọ, Rọ̀kíbátù. Bó bá fẹ́ mọ ọkọ̀ rẹ̀ láàárín ti ẹlòmíràn, àdá ló fi ń sá a lára. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi. Èmi ni mò ń dúpẹ́.

Kí Àlájì tó wọ mọ́tò, ó ní òun fẹ́ mú àwọn àgbà ẹbí òun wá lóṣù tó ń bọ̀, láti tọrọ rẹ lọ́wọ́ mi bó ṣe yẹ. Ó ń retí kí n sọ pé kí wọ́n máa bọ̀. Salman ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Àlájì, ẹ ṣeun. Mo máa bi í."

Mo ń bi ọ́.

Bàbá rẹ,
Mùsílíù.


Ṣẹ́fíìdì,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kìíní, ọdún 2004.

Bàbá mi,

Mo ti gbọ́, mo sì ti rò ó láìsí ìbínú.

Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀.

Ọmọ yín,
Rọ̀kíbátù.